Rọ́bà imú tàbí másìkì? Bí wọ́n ṣe ń yan ohun tí wọ́n fi ń fún aláìsàn ní ọ́síjìn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Adakplamè níbí, ẹ̀yin ti Idigny, Kpankou, Odometa àti Okpometa, àti ẹ̀yin ará ìlú Kétu fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ tòní kan gbogbo wa. Ọ̀rọ̀ èémí ni. Bí ibà bá mú ọmọ, ìyá mọ ohun tó máa kọ́kọ́ ṣe. Bó bá ń ya ìgbẹ́ gbuuru, ẹ ti mọ omi oníyọ̀ àti ṣúgà. Ṣùgbọ́n tí ọmọ bá dé ilé ìwòsàn, tí wọ́n ní èémí rẹ̀ kò tó, tí wọ́n mú rọ́bà wá láti fi sí i nímú, ẹ̀rù máa ń ba ọ̀pọ̀ nínú wa. Ìyá kan á ní kí wọ́n má fi í sí i rárá. Òmíràn á ní rọ́bà yẹn kéré jù, másìkì ńlá tí òun rí lójú aláìsàn tó wà lórí ibùsùn kejì ni kí wọ́n fi fún ọmọ tòun. Àwọn ìyá méjèèjì yìí ló yẹ ká dá lóhùn lónìí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ́síjìn fúnra rẹ̀, èyí tí àwọn tó ń sọ Faransé ń pè ní oxygène. Inú afẹ́fẹ́ tá à ń mí yìí ló wà. Ká ní a pín afẹ́fẹ́ sí ọ̀nà 100, nǹkan bíi 21 nínú rẹ̀ ni ọ́síjìn. Ìyókù, ara kì í lò ó, bó ṣe wọlé náà ló ṣe ń jáde. Ẹ̀dọ̀fóró ló ń gba ọ́síjìn yẹn tó ń kó o fún ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á wá máa gbé e kiri bí ẹni tó ń kiri ọjà láti ojúlé dé ojúlé: ó dé ọpọlọ, ó dé ọkàn, ó dé kíndìnrín. Tí òtútù àyà bá wá mú ọmọ, ikun àti omi á kún inú ẹ̀dọ̀fóró, ọ́síjìn ò ní ríbi gbà wọnú ẹ̀jẹ̀ dáadáa. Ọmọ ń mí o, afẹ́fẹ́ ń wọlé, ṣùgbọ́n ọjà ò dé ọwọ́ oníbàárà. Tí wọ́n bá fún un ní ọ́síjìn, ńṣe ni wọ́n fi kún 21 yẹn, kí ìwọ̀nba ibi tó ṣì mọ́ nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lè máa rí púpọ̀ gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ́síjìn kì í pa kòkòrò àrùn. Oògùn ló ń pa kòkòrò, oògùn sì máa ń gba ọjọ́ mélòó kan kó tó ṣiṣẹ́ tán. Láàárín ọjọ́ mélòó kan yẹn, ọ́síjìn ló máa mú ọmọ dúró.

Ìyá tó ní kí wọ́n má fi í sí i ńkọ́? Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀ ni pé, “Wọ́n fi rọ́bà sí ọmọ lágbájá nímú, kò pẹ́ ló kú.” Kì í ṣe àwa nìkan là ń sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn oníṣègùn tó ṣèwádìí ní àwọn ilé ìwòsàn Nàìjíríà gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn òbí, àwọn tó ṣe tiwọn ní Màláwì náà gbọ́ ọ. Ohun tí ìyá náà rí lóòótọ́ ló ń sọ, kò parọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀. Ibi tí ẹ̀rọ ọ́síjìn bá ti jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, ẹni tí àìsàn rẹ̀ le jù lọ ni wọ́n ń fún. Ọmọ tí wọ́n sì ti fi àgbo àti oògùn orí àtẹ tọ́jú fún ọjọ́ márùn-ún kí wọ́n tó gbé e wá, òun náà ló máa ń wà nípò yẹn. Tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá kú, rọ́bà ló wà nímú rẹ̀, rọ́bà ni gbogbo èèyàn máa rántí. Bíi kí ilé máa jó, kí aládùúgbò sáré gbé omi dé nígbà tí òrùlé ti wó, kí ẹni tó ń kọjá wá ní omi ló wó ilé.

Ohun tó ń dun àwọn òṣìṣẹ́ ìlera jù ni ti ìyá tó máa dọ́gbọ́n yọ rọ́bà náà lóru nígbà tí nọ́ọ̀sì bá yíjú sẹ́yìn. Ọmọ tí èémí rẹ̀ kò tó kò ní ọ́síjìn kankan nípamọ́. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, iye tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á ti já wálẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń bẹ̀rù, ẹ pe nọ́ọ̀sì, ẹ sọ ẹ̀rù yín fún un ní gbangba, kó ṣàlàyé fún yín. Ìyẹn kò burú rárá.

Nígbà wo ló wá yẹ kẹ́ ẹ gbé ọmọ kúrò nílé? Ẹ ká aṣọ àyà rẹ̀ sókè nígbà tí kò sunkún, tí ara rẹ̀ balẹ̀. Ẹ ka iye ìgbà tó mí láàárín ìṣẹ́jú kan gbáko. Aago inú fóònù yín tó fún èyí. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì, tó bá ti dé 60, ó ti yára jù. Láti oṣù méjì sí oṣù mọ́kànlá, 50 ni. Láti ọdún kan sí ọdún márùn-ún, 40. Tó bá jẹ́ pé ó ń yára mí nìkan ni, tó bá ti lé lóṣù méjì, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín lọ́jọ́ náà gan-an. Èyí tí kò tíì pé oṣù méjì, ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni. Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ náà ni fún ọmọ yòówù tí ìsàlẹ̀ àyà rẹ̀ bá ń wọnú bó ṣe ń mí sínú, tí ihò imú rẹ̀ ń fẹ̀, tí orí rẹ̀ ń mì bó ṣe ń mí, tó ń kérora nígbà tó bá ń mí síta, tí kò lè mú ọmú mọ́, tàbí tẹ́ ẹ jí i tí kò jí dáadáa. Ẹ má ní ẹ fẹ́ pàtẹ ọjà tán o. Tí wọ́n bá sọ fún yín pé ara ọmọ máa dà bí aró tí èémí ò bá tó, ẹ rántí pé ara dúdú bíi tiwa kì í tètè fi í hàn. Inú ẹnu ni kẹ́ ẹ wò: ahọ́n àti erìgì. Ní ti àgbàlagbà, ẹni tí kò lè sọ gbólóhùn kan tán kó tó dúró mí, ìyẹn náà ti tó lọ.

Ọ̀nà ńkọ́? Tó bá jẹ́ ọ̀kadà ẹ máa gùn, ẹ má fi ọ̀já di ọmọ tí kò lè mí mọ́ ẹ̀yìn pinpin kẹ́ ẹ sì da aṣọ bò ó lójú nítorí eruku. Àyà tó ń wá afẹ́fẹ́ ni ẹ tún ń fún pọ̀ yẹn. Ẹ gbé e síwájú, kí orí rẹ̀ ga díẹ̀, kí imú àti ẹnu rẹ̀ wà níta. Ẹ má rọ ẹ̀kọ tàbí àgbo sí i lẹ́nu tipátipá, ó lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Kì í sì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn kékeré ló ní ọ́síjìn. Agbègbè ìlera kan náà ni Kétu, Pobè àti Adja-Ouèrè wà, ilé ìwòsàn ńlá agbègbè yìí sì wà ní Pobè. Ohun tí mo máa bẹ̀ yín ni pé lọ́jọ́ tí ara gbogbo ilé le, ẹ lọ bá nọ́ọ̀sì tàbí sage-femme tó wà lọ́dọ̀ yín, kẹ́ ẹ bi í: ṣé ọ́síjìn wà níbí? Tí kò bá sí, ibo lẹ máa ń rán wa lọ, ta ló sì ní ọkọ̀ tó máa gbé wa lóru? Ẹni tó bá bèèrè nígbà tí ọmọ ti ń kérora, ó ti pẹ́.

Tẹ́ ẹ bá dé ibẹ̀, kí wọ́n tó mú rọ́bà kankan jáde, ẹ̀rọ kékeré kan ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rí. Ó dà bí ohun tí a fi ń há aṣọ mọ́ okùn. Wọ́n á fi há ọmọ ní ìka ọwọ́. Ti ìkókó, wọ́n lè fi sí i lẹ́sẹ̀. Iná kan ń tàn nínú rẹ̀ tó ń gba inú ẹran ara kọjá. Ẹ̀jẹ̀ tó ti gba ọ́síjìn máa ń pọ́n ju èyí tí kò tíì gbà lọ, ẹ̀rọ náà á sì fi ìyẹn mọ bó ṣe pọ̀ tó. Kò ní abẹ́rẹ́, kò dun ọmọ. Oxymètre ni wọ́n ń pè é ní Faransé, ẹ jẹ́ káwa máa pè é ní ẹ̀rọ ìka. Nọ́ńbà méjì ló máa gbé jáde: ọ̀kan ni bí ọkàn ṣe ń lù, ìkejì ni ti ọ́síjìn. Ọmọ tí ara rẹ̀ yá máa ń wà láàárín 95 sí 100. Tó bá ti wà lábẹ́ 90, Àjọ Ìlera Àgbáyé, èyí tẹ́ ẹ ń gbọ́ tí wọ́n ń pè ní OMS, ní kí wọ́n fún un ní ọ́síjìn. Ọmọ tó dé pẹ̀lú gìrì tàbí tó ti dákú, wọn kì í dúró de ìyẹn, wọ́n á fún un lójú ẹsẹ̀, wọ́n á sì gbé e dé 94 ó kéré tán. Aboyún náà, wọn kì í fẹ́ kó wà lábẹ́ 92, nítorí èèyàn méjì ló ń mí níbẹ̀.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ẹ̀rọ ìka yìí, torí pé òun ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí mò ń sọ. Ojú lásán kì í rí àìtó ọ́síjìn dáadáa, ì báà jẹ́ ojú dókítà. Ní apá ilẹ̀ Yorùbá ní Nàìjíríà, wọ́n ṣe ìwádìí kan ní ilé ìwòsàn 12, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2019. Wọ́n kọ́kọ́ mú ẹ̀rọ ìka wọlé, wọ́n kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì bí wọ́n á ṣe máa fi wo gbogbo ọmọ tó bá dé, lẹ́yìn náà ni wọ́n tó mú ẹ̀rọ ọ́síjìn ńláńlá wá. Ṣé ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tí ẹ̀rọ ìka ti wọlé ni ikú àwọn ọmọ tí òtútù àyà ń ṣe ti dínkù gan-an? Ọ́síjìn díẹ̀díẹ̀ ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọmọ tó nílò rẹ̀ gan-an ni wọn ò tíì mọ̀. Ní Papua New Guinea, tó jìnnà sí wa gan-an, wọ́n mú ẹ̀rọ ìka àti ẹ̀rọ ọ́síjìn pọ̀ ní ilé ìwòsàn márùn-ún, ewu kí òtútù àyà pa ọmọ sì dínkù ní 35 nínú 100. Ìyẹn jáde ní 2008. Nítorí náà, tí wọn ò bá tíì fi ẹ̀rọ ìka sí ọmọ yín, ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ bèèrè: “Ẹ jọ̀ọ́, mélòó ni nọ́ńbà ọmọ mi?”

Ẹ̀rọ náà ní àléébù tirẹ̀ o. Làálì àti ọ̀dà èékánná lè ṣì í lọ́nà, kí wọ́n fi sí ìka tí kò sí nǹkan kan lára rẹ̀. Ọwọ́ tó tutù náà, kí wọ́n kọ́kọ́ mú un gbóná. Ní 2020, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ó máa ń tan àwọn dókítà jẹ lára àwọn aláwọ̀ dúdú ní nǹkan bíi ìlọ́po mẹ́ta ti aláwọ̀ funfun: á ní ọ́síjìn tó nígbà tí kò tó. Nítorí náà, tí nọ́ńbà bá dára, ṣùgbọ́n tí àyà ọmọ ń wọnú, tí kò lè mú ọmú, ẹ má gbà kí wọ́n ní kẹ́ ẹ máa lọ sílé. Bákan náà, ọmọ tí ibà ti jẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tán lè ní nọ́ńbà tó dára. Ìwọ̀nba ẹ̀jẹ̀ tó kù ti gba ọ́síjìn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ náà ni kò tó. Ẹ̀jẹ̀ ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílò.

Ó wá kan rọ́bà àti másìkì. Ẹ lè gbọ́ kí nọ́ọ̀sì sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé kó mú “lunettes” wá. Ẹ má rò pé ojú ọmọ ló fẹ́ tọ́jú. Orúkọ rọ́bà imú lédè Faransé nìyẹn, nítorí wọ́n ń gbé e kọ́ etí méjèèjì bí ẹni wọ awò ojú. Ó ní ẹnu kéékèèké méjì tó ń wọ ihò imú díẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọmọ tí òtútù àyà ń ṣe, òun ni OMS ní kí wọ́n kọ́kọ́ lò. Ìkókó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, ìdajì lítà sí lítà 1 ní ìṣẹ́jú kan ti tó o. Ọmọ ọwọ́, lítà 1 sí 2. Èyí tó ti ń rìn kiri lè dé 4. Ọmọ lè sunkún, kó wúkọ́, rọ́bà á ṣì wà níbẹ̀. Tó bá sì lókun láti mú ọmú, ìyá lè fún un lọ́mú láìyọ ọ́. Níbi tí kò bá sí èyí, rọ́bà ẹlẹ́nu kan wà tí wọ́n ń tì bọ ihò imú kan, tí wọ́n sì ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe.

Másìkì ńkọ́, èyí tí ìyá kejì ń fẹ́? Ike ni, ó bo imú àti ẹnu. Bó ṣe bò ó yẹn, afẹ́fẹ́ tí aláìsàn mí síta máa ń dúró díẹ̀ sínú rẹ̀. Tí ọ́síjìn tó ń wọlé kò bá lágbára tó láti tì í jáde, ìdọ̀tí èémí ara rẹ̀ ni aláìsàn á tún máa fà símú. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi tan másìkì sí ìsàlẹ̀ lítà 5. Ọmọ tí lítà 1 tó fún, ẹ ti ń ná 5 fún un. Ọmọ kéékèèké kì í sì í fẹ́ ẹ lójú, á máa fà á yọ, tó bá sì di àkókò oúnjẹ, ẹ gbọ́dọ̀ ṣí i. Gbogbo ìgbà tó bá wà ní ṣíṣí, ọ́síjìn ò wọlé.

Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ bá mi ṣírò. Ká ní ilé ìwòsàn ní sìlíńdà ńlá kan tó gba lítà 6,800. Pẹ̀lú rọ́bà imú ní lítà 1 ní ìṣẹ́jú kan, wákàtí kan á jẹ 60, sìlíńdà yẹn á tó wákàtí 113. Ìyẹn lé ní ọjọ́ mẹ́rin. Pẹ̀lú másìkì ní lítà 5, kò ní pé wákàtí 23 tó fi máa tán. Másìkì kẹta tún wà, èyí tó ní àpò ọ̀rá lábẹ́, tí ń jẹ lítà 10 sí 15. Ní 15, wákàtí méje àbọ̀ ni. Bí wọ́n bá ṣí i láàárọ̀ nígbà tẹ́ ẹ ń pàtẹ, ó ti tán kẹ́ ẹ tó palẹ̀ mọ́. Owó yẹn, àpò yín ló ti lè jáde. Ọmọ mìíràn tó bá sì dé lálẹ́, kí ni wọ́n fẹ́ fún un?

Másìkì alápò yẹn ní àwọn tó tọ́ sí. Ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti wú gan-an, ẹni tí mọ́tò gbá, ẹni tí rọ́bà imú kò gbé nọ́ńbà rẹ̀ sókè, àwọn ló ni ín. Kí wọ́n tó fi í sí i lójú, àpò náà gbọ́dọ̀ ti kún. Tó bá sì wà lójú rẹ̀, àpò náà kò gbọdọ̀ rọ pátápátá bó ṣe ń mí. Tẹ́ ẹ bá rí i tó lẹ̀ pẹ̀rẹ̀sẹ̀ bí ọ̀rá tí a ti tú omi inú rẹ̀ dànù, ẹ ké sí nọ́ọ̀sì. Ẹnì kan wà tí mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ gbàgbé: ẹni tó gbé ìkòkò èédú sínú yàrá tó tilẹ̀kùn sùn nítorí òtútù ọyẹ́, tàbí tó tan jẹnẹrétọ̀ sínú ilé. Gáàsì inú èéfín yẹn máa ń gba ipò ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀rọ ìka kò sì mọ ìyàtọ̀ wọn. Á gbé 98 jáde fún ẹni tó ń kú lọ. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ èédú náà fún dókítà kó tó bèèrè. Másìkì alápò ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ń lò láti ìbẹ̀rẹ̀, ohun yòówù kí ẹ̀rọ ìka wí. Másìkì tẹ́ ẹ sì ń rí tó ń rú nǹkan funfun bí oruku omi gbígbóná, oògùn ló ń bù sínú ẹ̀dọ̀fóró, àwọn oníkọ́ fée ni wọ́n sábà máa ń fún. Iṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀.

Àwọn kan tún wà tí rọ́bà imú tiwọn ń gba inú ìgò omi kọjá, tí omi yẹn á máa hó. Agbára tó ń mú kó hó náà ló ń jẹ́ kí ẹ̀dọ̀fóró ọmọ wà ní ṣíṣí, kó má pa dé. Ní Dhaka, lórílẹ̀-èdè Bangladesh, ìgò ọṣẹ ìfọrun lásán ni àwọn dókítà fi ṣe é. Nínú ìwádìí wọn tó jáde ní 2015, ọmọ 4 nínú 100 ló kú lára àwọn tí wọ́n fi ṣe é fún, 15 nínú 100 lára àwọn tó lo rọ́bà imú lásán. Àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì wà nítòsí wọn tọ̀sán-tòru o. Ẹ má ṣe é nílé.

Ìyá kejì lè ní, “Ó dáa, ṣùgbọ́n bó bá pọ̀ sí i, ṣé kò ní tètè yá ni?” Rárá. Ọ́síjìn dà bí iyọ̀ nínú ọbẹ̀. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé tí wọ́n bí, tí ọ́síjìn bá pọ̀ jù fún un, ó lè ba ojú rẹ̀ jẹ́. Stevie Wonder, gbajúgbajà akọrin Amẹ́ríkà, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú àkókò ni wọ́n bí i ní 1950, wọ́n gbé e sínú ẹ̀rọ ìtọ́jú ọmọ tó kún fún ọ́síjìn, ojú rẹ̀ méjèèjì sì lọ. Lóde òní, wọ́n ń ṣọ́ nọ́ńbà irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ kó má kọjá 95. Ẹ tún wo àgbàlagbà tó ti fa sìgá tàbí tó ti dáná igi ní ogójì ọdún, bíi àwọn ìyá wa tó ń yan gààrí, tí ẹ̀dọ̀fóró wọn ti le. Ara wọn ti mọ́ díẹ̀ lára. Tí wọ́n bá fún wọn ní ọ́síjìn ní àfúnjù, gáàsì búburú tó yẹ kí wọ́n mí síta lè kó jọ sínú ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n máa tòògbé, kí wọ́n má sì jí mọ́. Láàárín 88 sí 92 ni wọ́n ń fi tiwọn sí. Másìkì kan wà tí wọ́n dìídì ṣe fún wọn, tó ní ike aláwọ̀ oríṣiríṣi ní ìdí, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tirẹ̀. Torí náà, ẹ má fọwọ́ kan bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń tan ọ́síjìn sókè sódò, bó ti wù kí àánú ṣe yín tó.

Ibi tí ọ́síjìn ti ń wá náà máa ń pinnu ohun tí wọ́n lè lò. Sìlíńdà irin ni àkọ́kọ́, kò nílò iná mànàmáná, ṣùgbọ́n ó ń tán, ọ̀nà tó jìn ni wọ́n sì ti ń rọ ọ́ wá. Ìkejì ni ẹ̀rọ kan tó dúró bí àpótí, tó ń fa afẹ́fẹ́ inú yàrá. Àwọn òkúta wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ á di èyí tí ara kì í lò mú, ọ́síjìn tó tó nǹkan bíi 93 nínú 100 á sì jáde. Kì í tán, àfi tí iná bá lọ. Lítà 5 tàbí 10 ní ìṣẹ́jú kan ni ọ̀pọ̀ wọn lè gbé jáde. Ẹ̀rọ onílítà 5 lè bọ́ ọmọ mẹ́rin márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà tí wọ́n bá fi ohun tó ń pín in sí i, ṣùgbọ́n kò lè bọ́ másìkì alápò kan ṣoṣo. Nígbà kòrónà, ní January 2021, Gómìnà Èkó, Sanwó-Olú, sọ pé ilé ìwòsàn kan ní Yábàá tó ń lo sìlíńdà 70 lójúmọ́ ti dé 350. Èkó nìyẹn o, ìlú ńlá. Ẹ wá fojú inú wo ibi tí sìlíńdà rẹ̀ jẹ́ méjì.

Nígbà tẹ́ ẹ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, iṣẹ́ wà fún yín. Ẹ máa wò ó bóyá ẹnu rọ́bà méjèèjì ṣì wà nínú ihò imú. Ọmọ tó bá yíra padà lójú oorun lè ti gbé e sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ wo rọ́bà gígùn náà, kó má lọ́, kí ẹsẹ̀ àga má gùn ún mọ́lẹ̀. Tí ikun bá dí i, ẹ pe nọ́ọ̀sì kó nù ún. Ẹ má fi òrí, àdí tàbí róòbù pa á nímú nítorí pé ó dí. Ọ̀rá àti ọ́síjìn kì í ṣe ọ̀rẹ́, iná lè ràn mọ́ ọn kíákíá. Nítorí ìyẹn náà, ẹ má tan àbẹ́là, fìtílà tàbí ẹ̀fọn oníná nítòsí, ẹ má jẹ́ kí bàbá ọmọ fa sìgá nínú yàrá, ẹ má sì gbé ààrò wá sábẹ́ fèrèsé láti gbé ẹ̀kọ kaná.

Kó tó di pé wọ́n yọ rọ́bà, nọ́ọ̀sì á máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Tó bá yá, á pa á, á fi ẹ̀rọ ìka sí ọmọ, á dúró wò ó fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15. Tí nọ́ńbà bá já sí ìsàlẹ̀ 90, á dá rọ́bà padà, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn já yín láyà. Tó bá dúró sókè, ẹ má tíì di ẹrù. Ọmọ gbọ́dọ̀ lo wákàtí 24 ó kéré tán láìlo ọ́síjìn, kí nọ́ńbà rẹ̀ ṣì wà ní 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀, kó máa mú ọmú tàbí jẹun. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ máa lọ, ẹ bi wọ́n pé mélòó ni nọ́ńbà rẹ̀ láàárọ̀ yìí nígbà tí kò sí nǹkan kan nímú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ọmọ.